Gbígbé iṣẹ́ síta àti òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀

Gbígbé iṣẹ́ síta, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní áútsọ́sìn, ni kí iléeṣẹ́ kan mú iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ tiẹ̀ ń ṣe kó gbé e fún ẹlòmíì, yálà iléeṣẹ́ tó wà lókè òkun níbi tí owó oṣù ò ti tó nǹkan, tàbí kọngílá, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń gba òṣìṣẹ́ fún iléeṣẹ́ mìíì, tó wà nílùú kan náà. Òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí à ń sọ níbí ni òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Oríṣiríṣi òfin ni ìjọba máa ń ṣe nítorí wọn: àwọn kan ń dí ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà jáde, àwọn kan ń dín àlejò tó ń wọlé wá ṣe é kù, àwọn kan ò dí nǹkan kan, ohun tí wọ́n ń sọ ò ju ẹni tí ọ̀gá òṣìṣẹ́ jẹ́ lọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì wà.

Bó ṣe rí ní ìwọ̀ oòrùn Kogí

Láàárín àwọn Ọ̀kún, àwọn Yorùbá ibẹ̀, ìyẹn Kàbà àti Búnú, Ìjùmú, Yàgbà méjèèjì, Mọ̀pà àti Ọ̀wọ́rọ̀ tó wà lábẹ́ Lọ́kọ́ja, iṣẹ́ tó bọ́ kì í sábà lọ sí Íńdíà tàbí Ṣáínà, ọ̀dọ̀ kọngílá ló ń lọ. Ọ̀dọ́ kan á kàwé tán, á ríṣẹ́ sí báǹkì, á wọ táì, á jókòó sídìí káúńtà, á máa ka owó oníbàárà láti àárọ̀ títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn, ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé ló máa rí i lórí àlẹ́ẹ̀tì fóònù ẹ̀ pé orúkọ tó sanwó kì í ṣe ti báǹkì, ti iléeṣẹ́ kan ní Èkó tí kò dé rí ni. Ẹni tó jókòó tì í, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, àmọ́ ìyẹn ní àjẹmọ́nú òpin ọdún, òun ò ní. Tí wọ́n bá wá ní kó máa lọ, báǹkì á ní àwọn kọ́ ni ọ̀gá ẹ̀, kọngílá á ní báǹkì ló ní àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Ta ló fẹ́ bá ṣẹjọ́ báyìí?

Òfin Nàìjíríà

Òfin Iṣẹ́ ti 1974 ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé láàárín oṣù mẹ́ta tó bá gbà á, kí orúkọ ẹni tó gbà á síṣẹ́ wà níbẹ̀, iye owó ẹ̀ náà kó wà níbẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ máa kó òṣìṣẹ́ jọ fún ẹlòmíì láìgba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ mínísítà.

Apá epo rọ̀bì ni òfin ti le jù. Òfin 2010 lórí iṣẹ́ epo àti gáàsì ní àlejò láti òkè òkun ò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ipò ọ̀gá àgbà lọ, pé kí ọmọ Nàìjíríà kan máa kọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn àlejò kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́rin ó pẹ́ jù, kó tó gba ipò náà. Ní 2011 ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tún gbé ìlànà jáde lórí òṣìṣẹ́ kọngílá, epo àti gáàsì nìkan náà ni. Epo tí wọ́n rí ní Kogí sì rèé, apá Ìbàjí ní ìlà oòrùn ló wà, kò kan Ọ̀kún.

Òkúta ni t'Ọ̀kún. Òfin ìwakùsà 2007, abala 116, ní kí ẹni tó fẹ́ wa kùsà bá ìlú tí ibẹ̀ wà ṣàdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀, ara ohun tí àdéhùn yẹn sì lè sọ ni iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ọmọ ìlú. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní Yàgbà, àbí nídìí òkúta mábù ní Jákúrà, ó yẹ kó béèrè ìwé àdéhùn yẹn lọ́wọ́ ọba ìlú.

Sìmẹ́ǹtì ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Láti 2002 ni ìjọba ti ń sọ pé ẹni tí ò bá múra àtikọ́ ilé iṣẹ́ níbí ò ní ríwèé gbà láti kó sìmẹ́ǹtì wọlé, ohun tó bí iléeṣẹ́ Dangote tí wọ́n ṣí ní Ọ̀bájánà ní 2007 nìyẹn, tó lè ṣe tó mílíọ̀nù 16.25 tọ́ọ̀nù lọ́dún báyìí. Ní 2015 báǹkì àpapọ̀ tún fi sìmẹ́ǹtì sára ọjà tí wọn ò ní ta dọ́là fún, wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ ní October 2023. Irú òfin báyìí máa ń mú iṣẹ́ wá sílé lóòótọ́, àmọ́ kì í sọ irú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tí wọ́n máa fún ẹni tó ń ṣe é, yálà ti iléeṣẹ́ fúnra ẹ̀ tàbí ti kọngílá.

Ní ti àlejò, àṣẹ ààrẹ tó jáde ní February 2018 ní kí wọ́n má fún àlejò ní físà fún iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà mọ̀ ọ́n ṣe. Ní February 2024 ìjọba ní kí iléeṣẹ́ máa san $15,000 lọ́dún lórí ọ̀gá tó bá jẹ́ àlejò, $10,000 lórí òṣìṣẹ́ yòókù, àmọ́ ní oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n dá a dúró.

Nílẹ̀ ibòmíì

Amẹ́ríkà ní owó ìrànwọ́ àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ẹni tí òwò ilẹ̀ òkèèrè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, láti 1962, wọn ò gba ẹni tuntun mọ́ láti July 2022. Adìẹ ti sọnù tán kí wọ́n tó ra àgò. Èyí tó sàn díẹ̀ ni òfin 1988 wọn, tó ní kí iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ ọgọ́rùn-ún sókè fi ọgọ́ta ọjọ́ ṣèkìlọ̀ kó tó lé èèyàn rẹpẹtẹ. Faransé ní tiẹ̀, láti 2014, ní kí iléeṣẹ́ ńlá tó fẹ́ ti ẹ̀ka kan pa kọ́kọ́ wá ẹni tó máa rà á.

Mẹ́síkò ló gé e lulẹ̀ jù, ní 2021 wọ́n ní iléeṣẹ́ ò gbọdọ̀ gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kọngílá mọ́ àfi fún iṣẹ́ àkànṣe tí kì í ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ gan-an. South Africa ò ka kọngílá léèwọ̀. Láti 2015, ẹni tí owó ẹ̀ ò pọ̀, tó bá ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ níbi tí kọngílá mú un lọ, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló dà lójú òfin, wọn ò sì gbọdọ̀ fún un ní ohun tó kéré sí ti ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ láìnídìí. Ní 2018 kóòtù tó ga jù níbẹ̀ dá a pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yẹn, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ nìkan ni ọ̀gá ẹ̀ lábẹ́ òfin náà.

Òfin tó sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ ò tíì sí ní Nàìjíríà. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà ṣá, ẹ̀ka ẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, ẹni tó bá ń ti Kàbà tàbí Ẹ̀gbẹ́ lọ síbẹ̀ á dáa kó mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ dání, àti káàdì ọrùn ẹ̀, àti àwọn àlẹ́ẹ̀tì owó oṣù, àti ìwé èyíkéyìí tó fi hàn pé ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń pàṣẹ fún un.