Èènì orí káàdì kì í ṣe owó ọ̀fẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, inú wọn ń dùn ṣìnkìn. "Àbúrò mi, mo ti rí káàdì gidi wàyí. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi ń ná an, wọ́n ti dá dọ́là 62 padà fún mi. Ọ̀fẹ́ ni o!" Mo bá wọn yọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí ìwé ìṣirò tí báńkì fi ránṣẹ́ sí yín ní oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ èlé sí, kẹ́ ẹ kà á sí mi létí." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá kà á: 40, 40, 41. Wọ́n tún un kà. Dọ́là 121 ló ti jáde, 62 ló wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí mọ ìṣirò dáadáa, ẹni tó ń ṣòwò ni wọ́n. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ làwọn náà gbà gbọ́: pé owó ọ̀fẹ́ ni èrè orí kírẹ́díìtì káàdì, ìyẹn káàdì tí báńkì fi ń yá wa lówó rajà, pé báńkì ló ń ta wá lọ́rẹ, nítorí náà káàdì tí ìdá èrè rẹ̀ bá ga jù ló yẹ kéèyàn dì mú. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà rárá, ó sì ń gbọ́n owó lápò àwọn tí mo fẹ́ràn. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Èmi, èènì ni mo máa ń pe èrè orí káàdì. Ẹni tó bu èènì fún yín ti rí èrè tiẹ̀ lára ohun tẹ́ ẹ rà kó tó nawọ́ bù ú. Èènì dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọjà tẹ́ ẹ sanwó rẹ̀ ló máa ń wà.

Ibo gan-an lowó náà ti ń wá? Nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá fi káàdì sanwó, gbogbo owó náà kọ́ ló ń dé ọwọ́ ọlọ́jà. Báńkì tó fún yín ní káàdì máa ń yọ tiẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń yọ lórí kírẹ́díìtì káàdì sábà máa ń tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bu èènì yín. Ọlọ́jà náà kò sì ní fọwọ́ lẹ́rán máa wò. Ó máa fi í kún iye tó ń ta ọjà. Ẹni tó mú káàdì wá àti ẹni tó mú owó lọ́wọ́ wá, iye kan náà ni wọ́n jọ ń san, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ń gba èènì. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta ní Federal Reserve Bank ti Boston, ẹ̀ka kan lára báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Scott Schuh, Oz Shy àti Joanna Stavins, ṣírò rẹ̀: tí a bá pín in dọ́gba-dọ́gba, agboolé tó ń fi owó lọ́wọ́ rajà ń san dọ́là 149 lọ́dún sápò àwọn tó ń lo káàdì, agboolé tó ń lo káàdì sì ń rí dọ́là 1,133 gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo owó lọ́wọ́. Owó ẹlòmíì ni.

Ẹ wo Yúróòpù, ọ̀rọ̀ náà á túbọ̀ yé yín. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2015 sọ pé ohun tí báńkì máa yọ lórí kírẹ́díìtì káàdì aráàlú kò gbọ́dọ̀ kọjá 0.3%. Báńkì tó ń rí 0.3% kò lè máa fún yín ní 2%. Bí orísun omi ṣe gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò ṣe gbẹ.

Ibi kejì tí owó náà ti ń wá ni èlé orí gbèsè, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò jù. Láti 2023, èlé orí kírẹ́díìtì káàdì ní Amẹ́ríkà ti ń lé ní 20% lọ́dún, tí a bá pín in dọ́gba. Ká mú káàdì tí tiẹ̀ jẹ́ 24%, torí ó rọrùn láti ṣírò. Ẹ pín 24 sí oṣù 12, ó jẹ́ 2% lóṣù kan. Káàdì kan náà yìí sì ń dá 2% padà lórí ohun tẹ́ ẹ bá rà. Ẹ ra ọjà 1,000 dọ́là, èènì yín jẹ́ 20. Ẹ fi gbèsè 1,000 náà sílẹ̀ fún oṣù kan péré láìsan, èlé rẹ̀ jẹ́ 20. Èènì ti tán. Tó bá wọ oṣù kejì, àpò ara yín lẹ ti ń fà yọ. Owó yòówù tẹ́ ẹ bá ń ná nílùú yín, ìṣirò náà kò yí padà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà tún ju èje lọ. Bẹ́ ẹ bá ń san gbogbo gbèsè tó wà nínú ìwé ìṣirò lóṣooṣù, báńkì máa ń fún yín láàyè títí di ọjọ́ ìsan láìgba kọ́bọ̀ èlé lórí ohun tẹ́ ẹ rà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé náà ránṣẹ́, ó kéré tán, ọjọ́ 21 ṣáájú ọjọ́ ìsan. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú gbèsè náà, àyè yẹn sábà máa ń lọ. Ohun tuntun tẹ́ ẹ bá rà lẹ́yìn ìyẹn, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á ni èlé ti máa gorí rẹ̀. Ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nǹkan bí 2,000 dọ́là ni wọ́n ń gbé láti oṣù kan bọ́ sí èkejì. Iye kékeré tí báńkì kọ síwájú pé kí wọ́n ṣáà ti san ni wọ́n ń san, wọ́n sì gbà pé àwọn ti san gbèsè oṣù yẹn.

Nítorí náà, ẹni tí kò tíì lè san gbogbo gbèsè káàdì rẹ̀ lóṣooṣù, kó má wulẹ̀ wá káàdì eléènì rárá. Káàdì tí èlé rẹ̀ kéré ni kó wá, tàbí kó máa fi owó tó wà nílẹ̀ rajà títí gbèsè yóò fi tán. Mo mọ̀ pé kò dùn-ún gbọ́.

Nǹkan míì tún wà tí kì í hàn nínú ìwé ìṣirò. Ní 2001, Drazen Prelec àti Duncan Simester ti yunifásítì MIT gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá iye tí wọ́n máa san fún tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù-sínú-àwọ̀n (basketball). Wọ́n sọ fún àwọn kan pé owó lọ́wọ́ ni wọ́n máa san, wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé káàdì ni. Iye tí àwọn oníkáàdì dá tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àwọn olówó lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n o, tíkẹ́ẹ̀tì sì ni, n kò sọ pé bí gbogbo wa ṣe ń rajà lójoojúmọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí káàdì bá mú kẹ́ ẹ fi dọ́là 3 péré kún ohun tẹ́ ẹ máa ń fi 100 rà, èènì 2 kò lè bo ihò yẹn.

Ó dáa, ká ní ẹ jẹ́ ẹni tó ń san gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù, tí ìnáwó yín kò sì fò sókè. Ṣé ìdá tó ga jù lẹ máa wá wá báyìí? Rárá o. Bí owó tiyín ṣe ń jáde lẹ máa wò. Ẹ mú bírò, ká jọ ṣe é.

Káàdì àkọ́kọ́ ń dá 2% padà lórí ohun gbogbo, kò sì gba owó ọdún. Káàdì kejì ń dá 5% padà lórí oúnjẹ tẹ́ ẹ bá rà sílé, 1% lórí ìyókù, ó sì ń gba 90 dọ́là lọ́dún. Ojú ti lọ sára 5 yẹn. Ká wá ní 1,000 lẹ ń ná lóṣù, tí 300 nínú rẹ̀ ń lọ sórí oúnjẹ. Káàdì àkọ́kọ́: 12,000 lọ́dún, 240 ló ń padà wá. Káàdì kejì: oúnjẹ jẹ́ 3,600, èènì rẹ̀ 180, ìyókù jẹ́ 8,400, èènì rẹ̀ 84. Àpapọ̀ wọn 264. Ó fẹ́ dà bíi pé ó ti borí, àmọ́ ẹ yọ owó ọdún kúrò, ó ku 174. Káàdì 2% tí kò pariwo ara rẹ̀ fi dọ́là 66 jù ú lọ.

Ní ilé míì tí wọ́n bímọ púpọ̀ sí, tó jẹ́ 500 ló ń lọ sórí oúnjẹ nínú 1,000 yẹn, káàdì kejì á mú 300 wá lórí oúnjẹ, 60 lórí ìyókù. Ẹ yọ 90, ó ku 270, ó fi 30 ju àkọ́kọ́ lọ. Káàdì kan náà ni o. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé káàdì wo ló dáa jù, ìwé ìṣirò oṣù mẹ́ta tó kọjá ni mo máa ń kọ́kọ́ ní kó mú wá.

Ẹ tún ka ohun tí wọ́n kọ wínníwínní sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ káàdì tó ń fúnni ní 5% ló ní òpin. Tẹ́ ẹ bá ti ná iye kan, ó máa já wálẹ̀ sí 1%. Àwọn míì ń pààrọ̀ ohun tí 5% wà fún ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ sì gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́tun kẹ́ ẹ tó rí i gbà.

Ohun kan wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu tí mo bá sọ ọ́: báńkì kò mọ ohun tó wà nínú báàgì tẹ́ ẹ gbé jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n fún ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n ń wò. 5411 ni ti àwọn tó ń ta oúnjẹ ilé, 5812 ni ti ilé oúnjẹ, 5541 ni ti ilé epo, 5300 ni ti àwọn ilé ìtajà gbàràmù tó ń ta ọjà lọ́pọ̀ fún àwọn tó san owó ọmọ ẹgbẹ́. Ẹyin kan náà tó mú 5% wá níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5411 lè máà mú ju 1% wá ní 5300. Ẹni tó ń ra gbogbo oúnjẹ ilé rẹ̀ ní ilé ìtajà gbàràmù, tó wá ń san 90 lọ́dún fún káàdì olóúnjẹ, afẹ́fẹ́ ló ń sanwó rẹ̀.

Àwọn káàdì kan kì í dá owó padà, póìǹtì tẹ́ ẹ lè fi ra nǹkan ni wọ́n ń fúnni. Ní ti póìǹtì, ẹ pín in kẹ́ ẹ tó yọ̀. Póìǹtì 20,000 tó lè ra ohun tó tó 200 dọ́là, sẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ni. Tó bá jẹ́ ohun tó tó 100 ló lè rà, ìdajì sẹ́ǹtì ni. Ilé iṣẹ́ tó ni póìǹtì sì lè jí lọ́la kó dín agbára rẹ̀ kù. Owó tó ti wọ àkáǹtì yín, wọn kò lè fọwọ́ kàn án bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ná 3,000 láàárín oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó fún yín ní ẹ̀bùn ìwọlé, tí ìnáwó yín kì í sì í kọjá 700 lóṣù, ẹ jẹ́ kó kọjá lọ. Bẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ béèrè bóyá káàdì náà ń gba owó lórí ìnáwó ilẹ̀ òkèèrè, torí ọ̀pọ̀ ń gba nǹkan bí 3%. Ẹ má sì fi kírẹ́díìtì káàdì gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ láéláé: kì í mú èènì wá, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni èlé rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣẹ́ gbèsè díẹ̀ kù lóṣooṣù ni, kí credit score àwọn, ìyẹn máàkì tí àwọn ayánilówó fi ń mọ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, lè gòkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń sanwó lásìkò àti bí gbèsè yín ṣe kéré sí iye tí wọ́n yọ̀ǹda fún yín ni wọ́n ń wò jù. Èlé tẹ́ ẹ ń san kò fi nǹkan kan kún un.

Ẹ̀gbọ́n mi fi káàdì wọn sínú àpótí. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi san 2,000 yẹn tán, owó tó wà nílẹ̀ ni wọ́n sì ń fi rajà ní gbogbo àkókò yẹn. Nígbà tí wọ́n tún pè mí, ohùn wọn ti yàtọ̀. "Àbúrò mi, mo ti ní kí báńkì máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta tí owó oṣù mi bá wọlé. Gbogbo rẹ̀ o, kì í ṣe iye kékeré yẹn. Ṣé mo lè wá gba onídàá 2 tó o sọ?"

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìlà èlé sí mi létí.

"Òdo ni," wọ́n dáhùn. A wá jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá káàdì.