Ẹ Fọ Iyọ̀ Inú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Kí Ẹ Tó Gbé E Kalẹ̀

Nílùú òtútù, yìnyín ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń sá fún tí wọ́n bá fẹ́ pa ọkọ̀ wọn tì fóṣù mélòó kan, torí omi tó bá dì nínú ẹ́ńjìnnì á fẹ̀, á sì la irin. Ní Ìkòròdú, iyọ̀ ni ọ̀tá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí òjò ò rọ̀ mọ́, omi òkun á wọnú ọ̀sà, òun náà sì ni ẹ́ńjìnnì tó ń ná èbúté Ìpakodò ń fà sínú láti fi mú ara rẹ̀ tutù. Tí ẹ bá pa á, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù. Á ṣù mọ́ ọ̀nà omi àti tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ìdérí tó ń ṣí fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á sì máa jẹ irin lábẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá tún tan án, omi ò ní ráyè kọjá, ẹ́ńjìnnì á gbóná sódì, písítìnnì á há.

Ẹ wá dírọ́ọ̀mù tí wọ́n gé lẹ́nu, ẹ pọn omi tí kò níyọ̀ kún un, ẹ yọ pùròpẹ́là, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó máa ń wà nínú omi, bọ̀ ọ́. Omi gbọ́dọ̀ bo wọ́tà pọ́ǹpù mọ́lẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, èéfín rẹ̀ ń pani. Ẹ má kó o sí gíà, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ìṣẹ́jú méjì táwọn kan ń ṣe ò tó: tẹ́mósítáàtì ò ní ṣí títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, omi tí kò níyọ̀ náà ò sì ní dé gbogbo inú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ omi dírọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan láàárín, torí iyọ̀ tó jáde ti wà nínú rẹ̀.

Ẹ máa wo ihò kékeré tó ń tu omi lẹ́yìn. Tó bá ń kán tó-tó-tó, ẹ pa á kíá. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín yọ ihò náà wò. Bí kò bá dí, ó di ọ̀rọ̀ impeller, ìyẹn rọ́bà oníwèé-wèé tó wà nínú wọ́tà pọ́ǹpù. Ẹ tú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìwé rọ́bà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tẹ̀ tí kò padà sípò, tàbí tó sán ní ìdí, ti kú. Bí ìwé kan bá já, ẹ wá a rí dandan, ọ̀nà omi ló sá lọ. Ẹ fi èékánná họ irin pẹlẹbẹ abẹ́ rẹ̀: bó bá kọ́ èékánná, yanrìn ti gbẹ́ ẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì láìsí omi láé, omi ni rọ́bà náà fi ń yọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti jó o.

Nígbà tí fífọ̀ bá ń parí lọ, ẹ yọ hóòsì epo kó jó epo inú kábúrétọ̀ tán. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ẹ fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Gíà ọ́ìlì tó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ ọ́: ẹ pààrọ̀ sìlì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kómi wọlé, kí ẹ tó ju ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ihò ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti rọ ọ́ìlì tuntun títí á fi yọ lókè.

Ìdúró ni kí ẹ gbé e sí kí omi tó kù lè ro. Síńkì ara rẹ̀ tó bá ti jẹ dé ìdajì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má sì kùn ún lọ́dà, torí ọ̀dà ò ní jẹ́ kó gba ìjẹrà dípò irin ẹ́ńjìnnì.