Bí àwọn òrìṣà ṣe ń dé orí owó láyé àtijọ́

Ẹni tó bá ń ka Bíbélì á rántí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó orí dẹ pańpẹ́ fún Jésù, tó ní kí wọ́n mú owó náà wá, tó wá bi wọ́n pé àwòrán àti àkọlé ta nìyí, wọ́n ní ti Késárì ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka ọ̀rọ̀ náà mọ. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sára owó yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn wò dáadáa, torí tó bá jẹ́ denarius (owó fàdákà Róòmù) ti olú ọba Tiberius ni, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa owó àtijọ́ ṣe gbà, ohun tí àkọlé ẹ̀ ń sọ lédè Látìn ni pé Tiberius Késárì nìyí, ọmọ Augustus tó ti di òrìṣà. Tí wọ́n bá yí i sẹ́yìn, oyè olórí àlùfáà Róòmù ló wà níbẹ̀, àti obìnrin kan tó jókòó tó mú ọ̀pá dání. Àṣé owó tí wọ́n fi ń ra búrẹ́dì àti ẹja lọ́jà ti ń wàásù bó ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, láìsí àlùfáà kankan nítòsí.

Báwo ni òrìṣà ṣe ń débẹ̀? Iṣẹ́ ọwọ́ ni látòkè délẹ̀. Oníṣọ̀nà á mú irin tàbí idẹ líle, á fín orí òrìṣà náà sínú ẹ̀, kì í ṣe kó yọ síta o, inú ló máa gbẹ́ ẹ wọ̀, á sì gbẹ́ ẹ lódìkejì bí ohun téèyàn rí nínú dígí, kí imú tó kọjú sí òsì lè kọjú sí ọ̀tún tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, kí lẹ́tà náà lè ṣeé kà. Òǹtẹ̀ nìyẹn. Méjì ni wọ́n máa ń lò. Wọ́n á ri ọ̀kan mọ́ inú igi tàbí irin ńlá tó dúró digbí nílẹ̀, wọ́n á mú ègé fàdákà roboto tí wọ́n ti wọ̀n, tí wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ fi sínú iná kó lè rọ̀, wọ́n á gbé e lé òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí, wọ́n á wá gbé òǹtẹ̀ kejì lé e lórí, òòlù á sì balẹ̀ gbàà. Owó dé nìyẹn. Òǹtẹ̀ òkè ló ń jẹ gbogbo òòlù, torí náà òun ló máa ń tètè sán, ti ìsàlẹ̀ máa ń pẹ́ jù ú lọ, lára ti ìsàlẹ̀ yìí náà ni orí òrìṣà sábà máa ń wà. Torí pé ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, owó méjì kì í jọra délẹ̀délẹ̀, ẹ lè rí òrìṣà tí àkẹtẹ̀ ẹ̀ ti jábọ́ sóde owó torí òòlù balẹ̀ níbi tí kò yẹ.

Ọ̀rọ̀ òrìṣà àti owó ti wà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú Lydia, tó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ owó onírin, ní nǹkan bí 600 ọdún àti díẹ̀ kí wọ́n tó bí Jésù, wúrà àti fàdákà tó pò mọ́ra ni wọ́n fi ṣe é, orí kìnnìún ló wà lára ẹ̀. Ibo ni wọ́n ti wú àwọn kan lára àwọn tó pẹ́ jù nínú wọn? Abẹ́ tẹ́ńpìlì Artemis ní Éfésù, òrìṣà tí Bíbélì Yorùbá pè ní Diana, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà tìtorí ẹ̀ dá rúkèrúdò sílẹ̀ nígbà ayé Pọ́ọ̀lù. Ilé òrìṣà ni báńkì ìgbà yẹn. Ta ló máa láyà láti lọ jí owó níwájú òrìṣà?

Ohun téèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé iṣẹ́ ni òrìṣà wá ṣe lórí owó, kì í ṣe ẹwà lásán. Fàdákà kò ní ẹnu tó lè fi sọ pé òun pé. Oníṣòwò tó ti òkè òkun wá, tí kò mọ̀ ọ́n kà, tí kò gbọ́ èdè ìlú, á fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ̀n owó yìí pé àti bóyá fàdákà gidi ni tàbí òjé tí wọ́n fi fàdákà bò. Ìlú tó tẹ̀ ẹ́ á wá fi òrìṣà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn sára ẹ̀ bí ìgbà téèyàn fi orúkọ bàbá ẹ̀ dúró fún ọ̀rọ̀: ẹ gbà á, ìlú wa ló ṣe é, òrìṣà wa sì ń wò ó.

Áténì ló ṣe èyí dójú àmì jù. Iwájú owó wọn, Athena òrìṣàbìnrin ìlú wọn ló wà níbẹ̀ tó dé akoto ogun, ẹ̀yìn ẹ̀ ni òwìwí tó jẹ́ ẹyẹ ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka ólífì kékeré àti lẹ́tà mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú wọn. Gíráàmù 17 àti díẹ̀ ni ìwọ̀n ẹ̀, inú ihò kùsà Laurion ni fàdákà ẹ̀ ti ń jáde. Àwọn èèyàn kì í tiẹ̀ pè é ní owó Áténì, òwìwí ni wọ́n ń pè é. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn oníṣọ̀nà Áténì ti di ọ̀gá, wọ́n lè gbẹ́ ojú èèyàn kó dà bíi pé ó ń mí, síbẹ̀ ojú Athena lórí owó wọn kò yí padà fún ìgbà pípẹ́, ojú ńlá tó rí bí èso álímọ́ńdì bíi ti ìgbà àwọn bàbá wọn, ẹ̀rín músẹ́ kan náà, torí wọ́n mọ̀ pé tí ojú òrìṣà bá yí padà pẹ́nrẹ́n, oníṣòwò ní Íjíbítì tàbí Síríà á fura, kò ní gbà á. Àwọn ará Íjíbítì fúnra wọn tiẹ̀ wá ń tẹ òwìwí tiwọn, torí òwìwí lọjà mọ̀.

Ìlú náà sì ṣe òfin tó le lórí ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 375 kí wọ́n tó bí Jésù, wọ́n ní kí ẹrú ìjọba kan máa jókòó sáàárín àwọn tábìlì ọjà, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa yẹ owó wò. Tó bá bá a pé idẹ tàbí òjé ló wà nínú ẹ̀, á gé e lójú ẹsẹ̀, owó náà á di ti Ìyá àwọn Òrìṣà, wọn ò ní dá a padà fún ẹni tó mú un wá. Tí ẹrú náà bá fọwọ́ sí owó, tí ọlọ́jà wá kọ̀ ọ́, gbogbo ọjà tó pàtẹ lọ́jọ́ yẹn ti lọ sí i nìyẹn. Tí ẹrú náà kò bá sì ṣe iṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ, 50 pàṣán ló máa jẹ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: owó tó purọ́ lórúkọ òrìṣà, ọ̀dọ̀ òrìṣà ló ń padà sí. Ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí ogun Sípátà há wọn mọ́ tí ihò kùsà kò ṣeé dé mọ́, wọ́n yọ́ àwọn ère ìṣẹ́gun tí wọ́n fi wúrà ṣe ní òkè Akropolis, wọ́n fi tẹ owó.

Àwọn ìlú tó kù náà ní tiwọn. Éfésù gbé kòkòrò oyin sórí owó nítorí Artemis. Kọ́ríńtì gbé Pegasus, ẹṣin abìyẹ́ tí ìtàn sọ pé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti fi ìjánu mú un. Knossos ní Kírétè ya lábírínǹtì, ọgbà tí ọ̀nà ẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí wọ́n ní màlúù abara èèyàn ń gbé inú ẹ̀. Rhodes ní tiẹ̀ gbé òrìṣà oòrùn síwájú, ó gbé òdòdó róòsì sẹ́yìn, torí orúkọ òdòdó yẹn lédè Gíríìkì jọ orúkọ ìlú wọn gan-an, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà á wo òdòdó, á pe orúkọ ìlú.

Ìgbà tí Alexander dé ni ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ìlú kan. Ó gbé Heracles, akọni inú ìtàn Gíríìkì, tó fi awọ kìnnìún borí síwájú, ó gbé Zeus olórí àwọn òrìṣà Gíríìkì tó jókòó tó gbé idì sọ́wọ́ sẹ́yìn, ìdílé ọba Makedóníà sì ń sọ pé Heracles ni baba ńlá àwọn. Agbára àwòrán yìí ni pé ibi gbogbo ló bá mu. Ará Tírè á wò ó, á rí Melqart òrìṣà tiwọn, tí àwọn Gíríìkì ti ń pè ní Heracles tipẹ́. Ará Tásù á wo Zeus tó jókòó yẹn, Báálì ìlú wọn tó jókòó lórí owó wọn àtijọ́ ló máa rántí. Owó kan, oníkálukú ń rí òrìṣà ẹ̀ nínú ẹ̀. Alexander kú lọ́dún 323 kí wọ́n tó bí Jésù, àmọ́ ó ju 200 ọdún lọ lẹ́yìn ẹ̀ tí àwọn ìlú kan ṣì ń tẹ owó náà. Nígbà tó yá lẹ́yìn ikú ẹ̀, Lysimachus tó wà lára àwọn ọ̀gágun ẹ̀ tẹ owó tí ojú Alexander fúnra ẹ̀ wà lórí ẹ̀, ìwo àgbò Ammon òrìṣà Íjíbítì hù létí ẹ̀. Èèyàn ti wọ ibi tí òrìṣà nìkan ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ilẹ̀kùn yẹn kò sì tì mọ́.

Ní Róòmù, ẹ̀gbẹ́ tẹ́ńpìlì Juno Moneta ni wọ́n ti ń rọ owó, ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti rí mọ́nì nìyẹn, nítorí náà ẹni tó bá ń pe mọ́nì lónìí orúkọ oyè òrìṣà kan ló ń pè. Denarius bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 211 kí wọ́n tó bí Jésù, òrìṣà Roma wà níwájú, Castor àti Pollux tí wọ́n jẹ́ ìbejì sì wà lẹ́yìn lórí ẹṣin. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti ilé ńlá ni wọ́n sábà máa ń yàn lọ́dọọdún láti bójú tó owó títẹ̀, bó ṣe di pé ìtàn ìdílé wọ inú ẹ̀ nìyẹn, kálukú ń gbé òrìṣà tí ilé ẹ̀ ń sọ pé àwọn ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá. Julius Caesar fi Venus síwájú, ó fi Aeneas ọmọ Venus tó pọn bàbá ẹ̀ jáde nínú iná Tróyì sẹ́yìn, ohun tó ń sọ kò sì ṣòro láti gbọ́: ìyá ńlá wa ni Venus. Nígbà tó di ọdún 44 kí wọ́n tó bí Jésù, ojú Caesar fúnra ẹ̀ ló bọ́ sórí owó Róòmù láyé ẹ̀, wọ́n sì pa á lọ́dún yẹn kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ètò. Tí olú ọba bá kú, tí ìgbìmọ̀ àgbà bá dìbò pé ó ti di òrìṣà, owó ló máa gbé ìròyìn náà káàkiri, wọ́n á kọ divus, ìyẹn ẹni tó ti di òrìṣà, sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹ̀, nígbà tó yá wọ́n ń ya idì tó ń gbé e lọ sókè tàbí ilé igi tí wọ́n fi sun òkú ẹ̀. Ẹni tó wà lórí oyè á sì máa pe ara ẹ̀ ní ọmọ òrìṣà. Ibẹ̀ ni owó Tiberius yẹn ti wá. Kódà ìwà àti ire di òrìṣàbìnrin lórí owó, Àlàáfíà, Ìlera, àti Annona tó ń rí sí oúnjẹ tó ń ti Íjíbítì wọ ìlú. Elagabalus, ọmọ ilẹ̀ Síríà tó di olú ọba lọ́dún 218, gbé òkúta dúdú tí wọ́n ń bọ ní ìlú ẹ̀ sórí owó, ẹṣin mẹ́rin ń fà á lọ nínú kẹ̀kẹ́.

Ẹ má rò pé ẹni tó bá ń ná owó òrìṣà kan ló ń bọ ọ́ o. Owó orí tẹ́ńpìlì ní Jerúsálẹ́mù, ṣékélì Tírè ni wọ́n fi ń san án, orí Melqart ló wà níwájú ẹ̀, idì ló wà lẹ́yìn. Àwọn Júù tí òfin wọn kọ ère pátápátá, owó yìí ni wọ́n ń gbé wọ ilé Ọlọ́run, torí fàdákà ẹ̀ dára ju ti owó tó kù lọ, tábìlì àwọn tó ń pààrọ̀ owó tí Jésù dà nù, irú owó yìí wà lára ohun tí wọ́n ń pààrọ̀ níbẹ̀. Tí owó bá ti gba orúkọ rere, òrìṣà ara ẹ̀ kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́.

Ìgbà tí ìsìn wá ń yí padà, owó yí pẹ̀lú ẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òrìṣà oòrùn ṣì wà lórí owó Constantine fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó ti dúró ti àwọn Kristẹni. Ní Aksum, ní Etiópíà, Ọba Ezana tó ti ń lo òṣùpá àti oòrùn sọ wọ́n di àgbélébùú lẹ́yìn tó di Kristẹni, ìjọba ẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láyé. Òrìṣà ìṣẹ́gun abìyẹ́ tó ti wà lórí owó Róòmù tipẹ́ kò lọ síbì kankan, wọ́n kàn sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Ṣáájú ọdún 695, Justinian Kejì ní Kọnsitantinópù gbé ojú Jésù síwájú owó wúrà, òun fúnra ẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó pe ara ẹ̀ ní ẹrú Kristi.

Lásìkò yẹn náà ni Kálífà Abd al-Malik ní Damásíkù ń wá owó tó máa jẹ́ ti Mùsùlùmí. Owó Kọnsitantinópù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò ṣe, àgbélébùú tó dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n yọ igi ìdábùú ẹ̀ kúrò, ó ku òpó lásán. Lẹ́yìn náà ló yọ gbogbo àwòrán. Dínárì tó jáde ní ọdún 77 Híjíráà, ìyẹn 696 sí 697, ọ̀rọ̀ nìkan ló wà lára ẹ̀, Allah kan ṣoṣo ni, kò bímọ, a kò bí i, ọ̀rọ̀ Súrátùl Ìkhlásì. Kò sí orí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Owó náà dáńtọ́, ìwọ̀n ẹ̀ kì í yẹ̀, wọ́n sì ń gbà á títí dé ilẹ̀ Yúróòpù.

Ó dé ọ̀dọ̀ Offa, ọba Kristẹni ní Mercia ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oníṣọ̀nà ẹ̀ mú dínárì Kálífà al-Mansur tó jẹ́ ti ọdún 157 Híjíráà, ó gbẹ́ òǹtẹ̀ tó jọ ọ́, ó fín lẹ́tà Lárúbáwá náà tọwọ́tọwọ́ láìmọ ohun tó ń sọ, ó wá fi orúkọ ọba ẹ̀ sí àárín, OFFA REX. Owó wúrà náà ṣì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Lára ẹ̀, ó wà níbẹ̀ lédè Lárúbáwá pé kò sí ọlọ́run mìíràn àyàfi Allah, tí èèyàn bá sì gbé e kí Lárúbáwá náà lè ṣeé kà, orúkọ Offa á dojú délẹ̀.