Ìdájọ́ lórí ìbọ̀rìṣà nínú Ìsíkíẹ́lì 8–11

Ìran kan ṣoṣo ni orí 8 sí 11 ìwé Ìsíkíẹ́lì. Ìgbèkùn ní Bábílónì ni wòlíì náà ti rí i, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, ọdún kẹfà tí wọ́n ti kó Ọba Jèhóíákínì lọ, ìyẹn 592 ṣáájú ìbí Jésù. Ó jókòó nílé rẹ̀, àwọn àgbààgbà Jùdà jókòó níwájú rẹ̀, ni ọwọ́ kan bá gbá a ní irun orí mú, ó di Jerúsálẹ́mù.

Ibi mẹ́rin ni wọ́n fi hàn án, ọ̀kan burú ju èkejì lọ. Ère owú ló kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà àríwá. Lẹ́yìn náà, ihò kan wà lára ògiri. Wọ́n ní kó gbẹ́ ẹ, ló bá kan ilẹ̀kùn. Nínú lọ́hùn-ún, àwòrán ohun tó ń rákò àti ẹranko ìríra yí ògiri ká, àgbààgbà 70 dúró síwájú wọn, kálukú pẹ̀lú àwo tùràrí lọ́wọ́, èéfín ń rú. Jaasanáyà ọmọ Ṣáfánì wà láàárín wọn. Bí Ṣáfánì yìí bá jẹ́ akọ̀wé tó ka ìwé òfin sétí Ọba Jòsáyà, a jẹ́ pé ilé tó ran ọba lọ́wọ́ láti fọ́ òrìṣà ni ọmọ náà ti jáde. Ẹ̀kẹta ni àwọn obìnrin tó ń sunkún Támúsì, òrìṣà àwọn ará Mesopotámíà. Ìkẹyìn ni nǹkan bí ọkùnrin 25 láàárín ìloro àti pẹpẹ: wọ́n kẹ̀yìn sí tẹ́ḿpìlì, wọ́n ń forí balẹ̀ fún oòrùn.

Nínú orí 9, ọkùnrin mẹ́fà gbé ohun ìjà dé ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ idẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó kú, ẹni tó wọ aṣọ ọ̀gbọ̀, tí ìwo tàdáwà wà níbàdí rẹ̀, ní láti lọ sàmì sí iwájú orí àwọn kan. Táù ni àmì náà, lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù, tó dà bí àgbélébùú kékeré nínú ìkọ̀wé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé gbogbo ẹni tí kò bọ òrìṣà ló gbà á. Ohun tí ìwé wí ni pé àwọn tó ń kẹ́dùn, tó ń kérora nítorí ìríra ìlú ni. Ibi mímọ́ gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn yòókù, àwọn àgbààgbà ló sì kọ́kọ́ fara gbá a.

Nígbà ìran yìí, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí Jòsáyà ti kó ère Áṣérà, abo òrìṣà àwọn ará Kénáánì, jáde nínú tẹ́ḿpìlì, nítorí náà àwọn onímọ̀ kan gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ọdún púpọ̀ ni ìran yìí kó jọ sójú kan.

Nínú iyàrá tí wọ́n ti ń sun tùràrí, àwọn àgbààgbà 70 náà ń sọ pé Olúwa ti kọ ilẹ̀ náà sílẹ̀. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ògo Olúwa ń lọ: láti orí kérúbù, ẹ̀dá ọ̀run abìyẹ́, sí ìloro, láti ìloro sí ẹnu ọ̀nà ìlà-oòrùn, títí ó fi dúró lórí òkè tó wà ní ìlà-oòrùn ìlú. Nǹkan bí 586 ṣáájú ìbí Jésù ni àwọn ọmọ ogun Nebukadinésárì, ọba Bábílónì, jó tẹ́ḿpìlì náà. Orí 43, nínú ìran ọdún 573, ni ògo ọ̀hún tó gba ẹnu ọ̀nà ìlà-oòrùn padà wọlé, sínú tẹ́ḿpìlì tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́.