Bí California ṣe ń díwọ̀n ìyà tó ń jẹ àdúgbò kọ̀ọ̀kan

Òpópónà márosẹ̀ méjì pàtàkì ló gba inú ìlú Oakland kọjá ní ìpínlẹ̀ California. I-580 gba ẹ̀bá òkè níbi tí àwọn olówó ń gbé, òfin kò sì jẹ́ kí tírélà tó wúwo ju tọ́ọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ gba ibẹ̀. I-880 ni àwọn tírélà wá yà sí. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìtòsí èbúté lòun gbà, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn Látíínò àti àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn kò tó nǹkan pọ̀ sí. Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ I-880 kò nílò ẹ̀rọ kankan kó tó mọ̀ pé èéfín ń wọlé òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba bá fẹ́ pín owó, nọ́ńbà ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí nọ́ńbà náà ni àlàyé yìí dá lé.

CalEnviroScreen ni orúkọ irinṣẹ́ tí California ń lò. OEHHA, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ń ṣírò ewu tí àyíká ń fà fún ìlera, ló ṣe é. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 2013, kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n fi pín ìpínlẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Kóòdù kan sì lè gbòòrò débi tí yóò fi kó ọlọ́rọ̀ àti tálákà pọ̀, tí ara líle àwọn kan yóò sì bo àìsàn àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ní 2014, wọ́n bọ́ sórí agbègbè ìkànìyàn, ìyẹn ilẹ̀ kéékèèké tí iléeṣẹ́ ìkànìyàn Amẹ́ríkà là sílẹ̀, tí nǹkan bí 4,000 èèyàn ń gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kẹrin, tó jáde ní 2021, ṣírò fún agbègbè tó lé ní 8,000.

Nǹkan 21 ni wọ́n wò nínú ẹ̀dà kẹrin yìí, ìsọ̀rí mẹ́rin ni wọ́n sì pín wọn sí. Àkọ́kọ́ ni ohun tó ń wọ ara èèyàn: èérún lẹ́búlẹ́bú inú afẹ́fẹ́, èéfín dísẹ́ẹ̀lì, omi mímu tí kò mọ́, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sóko, òjé tó wà nínú ọ̀dà ilé àtijọ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni ohun eléwu tó wà nítòsí, bí ààtàn àti ilẹ̀ tí kẹ́míkà ti bà jẹ́. Ìkẹta wo ara àwọn èèyàn fúnra wọn: asthma, àìsàn ọkàn, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí tí ìwọ̀n wọn kò tó kìlógírámù méjì ààbọ̀. Ìkẹrin wo ìgbé ayé wọn: òṣì, àìríṣẹ́ṣe, ìwé tí wọn kò kà jìnnà, owó ilé tó ń jẹ owó oṣù tán, àti ilé tí kò ti sí ẹnikẹ́ni tó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

Ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe ń wọn àwọn kan nínú wọn. Fún ọkọ̀ tó ń kọjá, wọn kì í dúró sí ààlà agbègbè; wọ́n ń ka ọkọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà tó wà láàárín 150 mítà sí ìta ààlà náà pẹ̀lú, torí kò sí ààlà tó ń dá èéfín dúró.

Ti asthma gba àlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti ka àwọn tí àìsàn tó ń sé èèyàn léèémí yìí ń bá jà. Iye ìgbà tí àwọn ará agbègbè náà sá lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀ ni wọ́n ń kà; nínú ẹ̀dà kẹrin, ọdún 2015 sí 2017 ni wọ́n lò. Wọ́n á wá ṣírò iye tó kan 10,000 èèyàn, wọ́n á sì fi ọjọ́ orí ṣe àtúnṣe sí i, kí àdúgbò tí ọmọdé pọ̀ sí má baà dà bí ẹni pé ó ń ṣàìsàn ju bó ṣe yẹ lọ. (Ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ka èèyàn kẹ́yìn ní 2006, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìṣirò yìí fún Makókó tàbí Ajégúnlẹ̀ yóò kọ́kọ́ kọsẹ̀ níbi iye èèyàn tí yóò fi pín.) Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tí kò ní ìwé ìgbélùú, tó ń bẹ̀rù owó ilé ìwòsàn. Bí èémí ọmọ rẹ̀ bá ń há lóru, omi gbígbóná àti oògùn tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò ni yóò fi tọ́jú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Òru yẹn kò wọ ìwé ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà asthma ń wọn àìsàn, ó sì tún ń wọn bí ó ṣe rọrùn tó láti dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi ojú lásán ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọn gbogbo rẹ̀ tán, ìṣòro mìíràn yọjú: èérún afẹ́fẹ́ àti owó ilé kò ṣeé rò pọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé, fún nǹkan kọ̀ọ̀kan, wọ́n á to gbogbo agbègbè tẹ̀léra, láti orí èyí tó sàn jù dé orí èyí tó burú jù. Agbègbè tó bá gba 90 fún dísẹ́ẹ̀lì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tirẹ̀ burú ju ti 90 nínú ọgọ́rùn-ún agbègbè tó kù lọ. Èyí mú kí gbogbo nǹkan wọ òṣùwọ̀n kan náà, àmọ́ ó ní ohun tó ń gbé pa mọ́. Kò sọ bí ẹni tó wà níwájú ṣe fi jìnnà tó sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Bí afẹ́fẹ́ gbogbo California bá sì dára sí i lọ́la, ẹnì kan yóò ṣì wà ní ipò 99.

Wọ́n á wá ṣírò máàkì méjì. Ti ìdọ̀tí àyíká wá láti inú ìsọ̀rí kìíní àti èkejì, àmọ́ ìlàjì ni wọ́n ka ìsọ̀rí èkejì sí, torí ààtàn tó wà nítòsí kò dájú bí èéfín tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ti àwọn èèyàn wá láti inú ìkẹta àti ìkẹrin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè ju 10 lọ. Wọn kì í ro méjèèjì pọ̀ o; wọ́n ń sọ wọ́n di púpọ̀ ni, kí àpapọ̀ lè dé 100.

Ibí yìí gan-an ni ọkàn ìṣirò náà wà. Ká ní agbègbè kan gba 8 fún ìdọ̀tí àti 2 fún ipò àwọn èèyàn rẹ̀, tí òmíràn sì gba 5 àti 5. Bí a bá ro wọ́n pọ̀, 10 ni àwọn méjèèjì. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, ti àkọ́kọ́ di 16, ti èkejì di 25. Ẹrù kan náà tí géńdé gbé láìmí gúlegúle lè ṣẹ́ aláìsàn lọ́rùn: èéfín tí ọlọ́rọ̀ tó ní dókítà tirẹ̀ fara dà lè pa ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò le, tí kò ríṣẹ́, tí kò sì rí owó kó kúrò níbẹ̀. Ìsọdipúpọ̀ ló sọ òtítọ́ yìí bó ṣe rí.

Àwọ̀ ara kò sí nínú nǹkan 21 náà. Proposition 209, tí àwọn olùdìbò California fọwọ́ sí ní 1996, kò jẹ́ kí ìjọba fi ẹ̀yà ṣe òṣùwọ̀n nínú iṣẹ́, ẹ̀kọ́ àti kọ́ńtíráàtì ìjọba. Síbẹ̀, ìtàn ti kọ àwọ̀ sínú ilẹ̀ náà. Ní àwọn ọdún 1930, máàpù ìjọba àpapọ̀ fi àwọ̀ pupa kun àwọn àdúgbò aláwọ̀ dúdú, bí West Oakland, pé ibẹ̀ léwu fún ẹ̀yáwó ilé. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020 lórí ìlú mẹ́jọ ní California rí i pé àwọn agbègbè tí wọ́n kùn ní pupa nígbà náà ń lọ sí pàjáwìrì nítorí asthma ju ìlọ́po méjì àwọn tí wọ́n fún ní máàkì tó dára jù lọ.

Owó tẹ̀ lé nọ́ńbà yìí. Òfin SB 535 ti 2012, àti èyí tó tún un ṣe ní 2016, ní kí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí ìpínlẹ̀ náà ń rí lórí ètò èéfín tó ń mú ayé gbóná lọ sí àwọn agbègbè tí ìyà ń jẹ. Àwọn tó wà nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó burú jù nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń mú. Ìlà tín-ín-rín ni, ẹni tó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ lè má gba kọ́bọ̀. Àwọn onímọ̀ tó gbé ìwádìí jáde ní 2024 fi hàn pé nǹkan bí agbègbè 16 nínú ọgọ́rùn-ún lè yí ẹ̀gbẹ́ padà bí wọ́n bá kàn yí díẹ̀ nínú ọ̀nà ìṣirò. Ìjọba pàápàá mọ̀ pé ìlà yẹn le jù. Nígbà tí wọ́n tún àwọn agbègbè tí owó náà kàn yàn ní 2022, wọ́n fi àwọn tó wà nínú ìwé 2017 sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n fi agbègbè 19 kún un tí kò ní máàkì pípé ṣùgbọ́n tí ìdọ̀tí wọn wà lára èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì fi ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà onílé Amẹ́ríkà sí i.

Bí agbègbè ìkànìyàn ṣe kéré tó yẹn náà, ó ṣì lè tóbi jù. Láàárín 2015 sí 2016, àwọn ọkọ̀ Google tó gbé ẹ̀rọ ìwọn-afẹ́fẹ́ rìn káàkiri títì Oakland léraléra, wọ́n sì rí i pé láàárín búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ lè fi ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́jọ yàtọ̀ síra. Ohun tí àwọn ará West Oakland ti ń wí nìyẹn láti ìgbà tí àwọn fúnra wọn ti ń jókòó sójú pópó ka tírélà. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀, West Oakland Environmental Indicators Project, ló bá àjọ afẹ́fẹ́ agbègbè Bay Area jókòó láti kọ ètò tó jáde ní 2019. Nínú rẹ̀, wọ́n tọpa èéfín inú àwọn búlọ́ọ̀kù dé ibi tó ti wá: tírélà, rélùwéè, ọkọ̀ ojú omi, òpópónà. Wọ́n sì wọn àfojúsùn láti inú àdúgbò náà fúnra rẹ̀: nígbà tó bá di 2030, kí afẹ́fẹ́ gbogbo ibi tí èèyàn ń gbé ní West Oakland dára bíi ti ibi tó mọ́ jù níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ètò náà.