Bí wọ́n ṣe ń wádìí lọ́wọ́ Ọlọ́run kí wọ́n tó yan olórí ìjọ

Tí ipò olórí bá ṣófo nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn ni "ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i". Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ṣé kí Ọlọ́run fi ẹni náà hàn ni àbí kó wá fọwọ́ sí orúkọ tí àwọn kan ti mú sápò látàná? Nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì o.

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 1 ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Júdásì ti lọ, àyè ẹ̀ ṣófo, wọ́n ṣẹ́ kèké, kèké sì mú Mátíà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí kèké tó dé làwọn èèyàn máa ń fò. Pétérù ti kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí wọ́n ń wá, ẹni tó ti ń bá wọn rìn látìgbà ìrìbọmi Jòhánù títí dọjọ́ tí Jésù gòkè re ọ̀run, torí náà nínú nǹkan bí 120 èèyàn tó wà níbẹ̀, ẹni méjì péré ni wọ́n mú síwájú, ìgbà yẹn ni wọ́n wá gbàdúrà pé kí Olúwa tó mọ ọkàn gbogbo èèyàn fi èyí tó yàn hàn, kèké wá tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ ẹnì kejì ni kèké mú, ìjọ ò ní kábàámọ̀. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ti parí kí wọ́n tó fi èyí tó kù lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ní orí 6 kò tiẹ̀ sí kèké rárá. Wọ́n ní kí ìjọ fúnra wọn wá ọkùnrin 7 tó lórúkọ rere, tó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n, àwọn àpọ́sítélì wá gbàdúrà, wọ́n gbọ́wọ́ lé wọn.

Àwọn ìjọ tó ṣì ń ṣẹ́ kèké lónìí náà ò fo àyẹ̀wò yẹn. Ìjọ Kọ́ptíìkì ní Íjíbítì máa ń kọ́kọ́ dìbò títí tó fi ku orúkọ 3, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á wá di ojú ọmọdé kan kó mú ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú Tawadros Kejì, póòpù wọn, ní November 4, 2012, òun kọ́ ló sì ní ìbò tó pọ̀ jù. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ilẹ̀ Rọ́ṣíà náà ṣe irú ẹ̀ ní 1917, bàbá àgbàlagbà kan ló mú orúkọ Tikhon jáde, ó sì di olórí wọn, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n yàn gbẹ̀yìn nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n mú síwájú.

Àwọn Kátólíìkì ò ṣẹ́ kèké ní tiwọn. Tí wọ́n bá fẹ́ yan póòpù, àwọn kádínà, ìyẹn àwọn àgbà àlùfáà tó ń yàn án, á kọrin pe Ẹ̀mí Mímọ́, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n á máa dìbò títí ẹnì kan á fi ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìtìmọ́lé yẹn nítàn o: láti 1268 títí dé 1271 ni wọ́n fi ń yan póòpù kan, ẹni tí wọ́n wá yàn, Gregory Kẹwàá, ló ṣòfin ní 1274 pé kí wọ́n máa tì wọ́n mọ́lé, tí wọn ò bá tètè parí kí oúnjẹ wọn máa dín kù títí á fi ku búrẹ́dì, omi àti wáìnì. Ebi náà máa ń ran àdúrà lọ́wọ́. Àwọn Quaker, ìyẹn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Kristẹni kan, wá yàtọ̀ pátápátá, wọn kìí dìbò, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́, tí ọkàn ò bá tíì bára mu wọ́n á sún un síwájú.

Nínú ìjọ kékeré, ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ẹnì kan bá dìde ní ìpàdé kìíní pé "Ọlọ́run ti sọ fún mi". Ta ló fẹ́ bá Ọlọ́run jiyàn? Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ìdí ẹ̀ nìyí tí àwọn kọmíìtì tó mọṣẹ́ fi máa ń ní kí oníkálukú gbààwẹ̀ lọ́tọ̀, kó kọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ sórí ìwé kó tó gbọ́ tẹlòmíì, kí wọ́n tó wá kó o jọ. Àlá àti ìran ò ní ṣàìwá, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n. Kódà ní Ìṣe 15 tí àwọn àpọ́sítélì àtàwọn àgbà ìjọ ti sọ pé ó dára lójú Ẹ̀mí Mímọ́ àti lójú àwọn, iyàn ti pọ̀ gan-an kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á lọ béèrè níta. Tìmótì Kìíní 3 ní kí bíṣọ́ọ̀bù lórúkọ rere lọ́dọ̀ àwọn tí kìí ṣe ara ìjọ, torí náà wọ́n á dé ibi iṣẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ yàn, wọ́n á bi àwọn tó jẹ lówó àtàwọn tó jẹ ẹ́ lówó. Orí kan náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán díákónì wò. Wọ́n á fún un ní iṣẹ́ díẹ̀ kó máa ṣe é lọ fún bí ọdún kan láìsí oyè kankan lórí ẹ̀, kí wọ́n tó tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀.