Ọ̀sà ni, kì í ṣe adágún

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà nínú dáńfó lórí afárá Third Mainland nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ń ròyìn ọkọ̀ tó dojú dé "nínú adágún omi Èkó". Inú bí mi. Omi ọ̀hún ló wà lábẹ́ wa yẹn, tó ń wọ́ òjúoró lọ sọ́nà òkun. Adágún ni omi tó dúró sójú kan tí kò rọ́nà lọ. Èwo ló dúró níbẹ̀?

Àwọn Pọtogí ló kọ́kọ́ pe ìlú wa ní Lagos, adágún sì ni "lago" lédè tiwọn. Àjèjì ni wọ́n, mi ò bá wọn jà. Ọmọ Yorùbá tó ń sọ ohun kan náà ni mo ń bá jà, àti ẹni tó ń kọ "lágúùnù" bí ẹni pé omi náà kò lórúkọ kí òyìnbó tó dé.

Ẹnìkan tiẹ̀ bá mi jiyàn pé ọ̀sà ti di ọ̀rọ̀ akéwì, pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́. Kó lọ sí Òyìngbò láàárọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja tí mo máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ a fa abọ́ kan síwájú, a ní, "Ẹja ọ̀sà nìyí o. Ti òkun ló wà lọ́hùn-ún." Oníbàárà kankan kì í bi í pé kí ni ọ̀sà.

Kí wá ni? Ẹ wo ilé àtijọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ gbọọrọ. Òkun ni títì ìta. Yanrìn etíkun tó nà gbalaja ni ògiri iwájú. Ilẹ̀kùn kan wà lára ògiri náà: ibẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ń gbà lọ sí Àpápá. Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ni yàrá inú. Ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn ni ọ̀sà, níbi tí ará ilé tó ń jáde àti àlejò tó ń wọlé ti ń pàdé. Lásìkò òjò, ará ilé á kún ọ̀ọ̀dẹ̀, omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ mọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò á fà, àlejò á gbilẹ̀, iyọ̀ á sì padà. Lójúmọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni omi òkun ń gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé tó tún ń jáde.

Apá rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tó la àárín Erékùṣù Èkó àti Victoria Island, ọ̀sà náà ni lójú tèmi. Mi ò ní fi ìyẹn dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àmì sábẹ́ s rẹ̀, nítorí mo ti rí "ọ̀ṣà" lójú ìwé. Ọlọ́sà ni òrìṣà tó ni omi náà. Ọlọ́ṣà ni adigunjalè.